Ẹni Tí Ọ̀gá Yéèpà Pa Nínú Ìwé

Òórùn íǹkì ló dá mi dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀ níjọ́sí. Wọ́n ń tẹ ìwé ìpolongo ìbò nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ń ṣàwàdà, àmọ́ àyà èmi àgbàlagbà já.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro kan, ọkùnrin kan wà nílùú yìí tó ń ya ìwé ìtàn aláwòrán, tó ń fi ẹ̀rọ alọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Yéèpà là ń pè é, torí igbe tí àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ máa ń ké nìyẹn bí ewu bá dé. Fìlà méjì ló máa ń dé léra wọn, ẹ̀wù òjò kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú ọyẹ́. Bí ó bá pa ẹnì kan nínú ìwé, á bu oúnjẹ sọ́tọ̀ fún un. Títí dé Òkìtìpupa ni àwọn ọmọdé ti ń du ìwé rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ojú àwọn ará ìlú ló máa ń yà. Ó ya awakọ̀ kan tó ní eéjí lẹ́nu, ó ní ọkọ̀ rẹ̀ já sí kòtò. Kò pẹ́ tí eléjí náà já sí kòtò lóòótọ́, tó sì kú. Láti ìgbà náà, àwọn awakọ̀ agbégẹdú kì í gbéra lọ sí igbó Araromi kí wọ́n tó wo ìwé tuntun. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀nà igbó ń pa ènìyàn láìsí ìwé? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

Nígbà tó yá, ó ya bàbá mi, tí òun náà ń wa ọkọ̀ gẹdú. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ gẹdú rẹ̀ nìyẹn lórí òkè, bíréèkì ti já. Ibẹ̀ ni ìwé dúró sí, ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bàbá mi páàkì ọkọ̀, ó jókòó sílé, kò jẹ, kò mu. Èmi náà ò lè sùn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá fọn fèrè ni mo rò pé ó wá gbé bàbá mi lọ.

Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sílé Ọ̀gá Yéèpà, ó kúnlẹ̀. “Ẹ dákun, ẹ má pa á. Bàbá àwọn ọmọ mi ni.”

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọkọ̀ yẹn ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó máa já ni. Ìtàn kì í padà sẹ́yìn.”

Ìyá mi sunkún délé.

Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń ṣí ìwé náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà méjì taari bàbá mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó jókòó sí àyè awakọ̀, ó sì bá ọkọ̀ lọ sínú kòtò. “Yéèpà!” Ọ̀gá Yéèpà ti pa ara rẹ̀ nínú ìwé. Bàbá mi jẹun àjẹyó lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ láti ìgbà náà, kò sí awakọ̀ tó jẹ́ gbé Ọ̀gá Yéèpà mọ́, kí ikú ọkọ̀ tó yà fún ara rẹ̀ má bàa kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí Odígbó, ìwé lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá ń rọ̀, ọkọ̀ èmi àti bàbá mi bá a létí ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Bàbá, Ọ̀gá Yéèpà nìyẹn!”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ!” Bàbá mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó tẹná mọ́ ọkọ̀.

Orí ẹní ni ọkùnrin náà kú sí, nígbà tó gbó tó tọ́. Àwọn tó kọ́ àwòrán lọ́dọ̀ rẹ̀ wà káàkiri, orí fóònù ni wọ́n ti ń yà á báyìí. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà, gẹdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó, ẹ̀rù ọ̀nà nìkan ni kò tíì lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yẹn gba ikú bàbá mi sórí ara rẹ̀. Inú ìwé lásán ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àwa ti gbà á gbọ́ ni òun náà gbà á gbọ́. Bàbá mi ò sì jẹ́ gbé e nínú òjò.