Ẹni Tó Di Àpótí Ohùn Mú

Àwọn aládùúgbò kì í pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Elétí ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí etí náà ló fi ń jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn àwọn tó ń ka ìwé sílẹ̀, kó gé ikọ́ kúrò, kó gé ibi tí òǹkàwé ti ṣi ọ̀rọ̀ pè, kó sì so ìyókù pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀. Tí alámùúlégbé bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Elétí lè sọ bóyá bàtà ẹsẹ̀ òsì ló ti jẹ. Irú etí bẹ́ẹ̀ dára fún iṣẹ́. Fún ìfọ̀kànbalẹ̀, kò dára rárá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Yàrá kan ni òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Kọ̀ǹpútà kan ló wà lórí tábìlì, àpótí ohùn kan tí kò ju bíríkì lọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wáyà so wọ́n pọ̀. Ohun tí máìkì bá gbọ́, inú àpótí yìí ló ń gbà wọlé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́, inú rẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Elétí ló pọn àbúrò yìí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ti di géńdé, iṣẹ́ ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè rẹ̀. "Ṣé àbúrò yín wà níbẹ̀?" Bí wọ́n ṣe máa ń wí lórí fóònù nìyẹn, á sì gún Elétí lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé àbúrò òun máa fi òun sílẹ̀ lọ. Ohun tó wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ẹ̀rù yìí di ìfura lọ́jọ́ tó rí àbúrò rẹ̀ níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìkángun òpópónà, níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Òkè ti ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó tóbi ju tiwọn lọ. Ọ̀gá Òkè gbá a léjìká, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí àbúrò délé, Elétí bi í pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ ra wáyà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló tún wá dá kún un. Lójú Elétí, ẹni tó gbé ẹ̀rí dání kí wọ́n tó bi í léèrè, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Ṣebí ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá jáná.

Ó wá tọ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò mìíràn lọ, ó sì ní kó bá òun fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ètò náà kò ní ojú téèyàn lè rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ nínú yàrá, á jí, á sì gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Látìgbà náà ni Elétí ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa jáde, kí àbúrò lè dá wà, kó sì tú àṣírí ara rẹ̀. Ó ń lọ ra ọṣẹ nígbà tí ọṣẹ kún ilé. Ó ń lọ kí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá tipẹ́. Kò kàn tíì ráyè gbọ́ ohun tí ètò náà ti kó jọ, torí pé tó bá ti padà dé, àbúrò á ti wà nídìí kọ̀ǹpútà.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fi ìgbà kan ka ìròyìn rí, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Òǹkàwé, ti ka ìwé kan tán fún wọn. Ọ̀sán ọjọ́ tí wàhálà dé yìí ló máa wá gbọ́ orí tó kẹ́yìn. Àbúrò fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí, ó tẹ kọ̀ǹpútà kó gbé ohùn Màmá jáde, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ló dé?" Elétí ló béèrè.

"Kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kọ̀ǹpútà ní òun ò lè ṣí àpótí ohùn, pé ẹlòmíràn ti dì í mú."

"Ẹlòmíràn wo? Ṣebí èmi àti ìwọ ló wà níbí."

"Ó lè jẹ́ dráífà ló ń dààmú."

Dráífà ni ètò kékeré tó ń ṣe alágbàtà láàárín kọ̀ǹpútà àti àpótí ohùn. Láìsí i, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Àbúrò yọ wáyà, ó tún un kì. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó wò ó bóyá ìwọ̀n ìyára tí ètò tí wọ́n fi ń gé ohùn fi ń ka ohùn bá ti àpótí mu, torí tí wọn ò bá dọ́gba, wọ́n á kọ ara wọn. Wọ́n dọ́gba. Ó yọ dráífà dànù, ó fi tuntun sí i. Ohùn Màmá Òǹkàwé jáde geere.

"Ó ti ṣe!" ni àbúrò wí, bó sì ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà kú.

Elétí kò wo kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ àbúrò ló ń wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà pàtàkì ń bọ̀ ni nǹkan bàjẹ́? Tí Màmá bá dé tí kò gbọ́ nǹkan kan, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, bí kò ṣe Ọ̀gá Òkè? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Gbogbo òwe tó mọ̀ ló ń tò jọ lọ́kàn, kò sì sí èyí tó nà sí ara rẹ̀ nínú wọn.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lókè lọ́hùn-ún nìyẹn?" ló wí.

Àbúrò yíjú sí i. "Òkè wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Elétí pòṣé. Àbúrò tún kọ̀ǹpútà tàn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó fi ìka bo ẹnu pé kí ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́. Yàrá pa rọ́rọ́. Ohùn ń lọ geere, ó ń lọ, kò já. Lẹ́yìn náà ni àbúrò pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, pà! Ohùn kú.

"Ẹ rí i? Kì í ṣe dráífà. Tí a bá dákẹ́, á máa ṣiṣẹ́. Tí a bá ti pariwo, nǹkan kan á já àpótí gbà. Nǹkan kan ń gbọ́ wa nínú kọ̀ǹpútà yìí."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Elétí. Olùṣọ́ tó gbà kó máa ṣọ́ olè ni olè náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú un wọlé.

"Fi í sílẹ̀," ló wí kíákíá. "Jẹ́ ká pe ẹni tó ń tún un ṣe."

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò ti ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí gbogbo ètò tó ń lo àpótí ohùn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ń kó ẹrù pa mọ́ sí, ó rí ohùn rẹpẹtẹ, ó tẹ ọ̀kan. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́.

Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò ní etí, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Rárá o, ọ̀gá. Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ti sọ fún yín lọ́jọ́ tí a pàdé níwájú ilé yín nígbà tí mo lọ ra wáyà, ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ má bínú." Ilẹ̀kùn dún. Ohùn Elétí wọlé: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?" Àbúrò dáhùn pé, "Oníbàárà kan ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ibẹ̀ ló parí sí. Àbúrò ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ti Elétí, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, pé ọmọ tí òun pọ̀n kò fẹ́ lọ. Ká ní ó sọ ìyẹn jáde ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ìfura kì í lọ bọ̀rọ̀.

"O ṣáà sọ fún mi pé oníbàárà ni," ló wí. "Kí nìdí tó o fi purọ́?"

Bí ètò náà kò ṣe ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ni àbúrò fi mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ó sì dáhùn pé, "Lóòótọ́ ni, mo purọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa ronú ni."

Ó yí padà sí kọ̀ǹpútà. Ó yọ ètò náà kúrò tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Nígbà tí Màmá Òǹkàwé dé, ó jókòó, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún àwọn méjèèjì, ó sì lọ.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé lẹ́yìn rẹ̀ ni àbúrò fa fóònù yọ. Ó gbé e ka orí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Iṣẹ́ tí ẹ bá mi sọ, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà dáadáa," ni Ọ̀gá Òkè dá a lóhùn. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Lọ́la."

"Má lọ" ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Elétí, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí àṣẹ. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àbúrò pa fóònù, ó fi í sápò, ó sì gbé àga kan sún mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ wá jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń mọ ètò tó di àpótí ohùn mú, torí tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, mi ò ní sí níbí."