Ibi Tí Àyìsátù Gbin Àgbálùmọ̀ Sí

Igi àgbálùmọ̀ tí Àyìsátù aránṣọ fi kóró gbìn sínú ike ọ̀dà ti ga tó orúnkún rẹ̀, ó ti ń fẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dà? Sìmẹ́ńtì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo àgbàlá ilé rẹ̀ ní Bàrígà.

Ẹ̀gbẹ́ kànga ló kọ́kọ́ wò. Ezekiel, ayálégbé rẹ̀, mirí.

“Màmá, gbòǹgbò á fọ́ kànga yìí o.”

Òótọ́ ni. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Òjò rọ̀, omi sì dúró síbẹ̀ bí ọ̀sà.

Ibì kan ṣoṣo ló kù: ibi tí mọ́tò Mahmood, ọkọ rẹ̀ olóògbé, dúró sí. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú ni mọ́tò ọ̀hún ò ti kúrò lójú kan. Ó ti dógùn-ún, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni Àyìsátù ń nu gíláàsì rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Isiaq, àbúrò ọkọ rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ bá mi pe àwọn tó ń ra irin àlòkù.”

Isiaq fò dìde. “Ìyàwó wa, ṣé nítorí igi lo ṣe fẹ́ gbé mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi jù nù?”

“Ẹ̀gbọ́n yín ò sí nínú mọ́tò yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń nù ún, kò dá mi lóhùn rí. Bí ẹ ò bá pè wọ́n, màá pè wọ́n fúnra mi.”

Isiaq bínú lọ. Àyìsátù pè wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà lọ, inú yàrá ni Àyìsátù wà. Bó ṣe gbọ́ tí irin ń ha ilẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nu ún, ó mú ọkọ́, ó jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí òkúta, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú. Ó ń gbẹ́ ẹ lọ nígbà tí Isiaq wọlé. Kò kí i, ó kàn gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó erùpẹ̀ tí ọ́ìlì ti bà jẹ́ dà nù, Ezekiel ru ilẹ̀dú wá láti Àkọkà, wọ́n sì gbin igi náà.

Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi jẹ gbogbo ewé rẹ̀ tán.

“Ṣé o rí i?” ni Isiaq wí.

Àyìsátù ra nẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣọgbà yí i ká, ó ń bomi rin ọ̀pá gbígbẹ náà láràárọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé, ewé ti ń rú lára rẹ̀.