Omi Tí Ìyá Mi Kò Béèrè

Ọmọ Takon ni ìyá mi, Gùn sì ni èdè tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ẹ wá sí Pobè ló kọ́ Yorùbá, ó sì sọ ọ́ títí kò fi sẹ́ni tó rántí pé àlejò ni mọ́. Lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú ni àrùn ẹ̀gbà dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rọ, Yorùbá sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́ ọ yékéyéké, kò kàn lè sọ ọ́ mọ́ ni. Gùn nìkan ló kù.

Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Sakété, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Faransé. Àbúrò bàbá mi obìnrin wá láti Ìlaròó kó lè ràn mí lọ́wọ́. Kò gbọ́ Gùn rárá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi sọ pé, “Sin.” Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi.

“Ta ni wọ́n fẹ́ sin? Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tó máa sin ẹ́ o!”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣàlàyé fún un pé omi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Gùn. Bí èèyàn bá kọ méjèèjì sílẹ̀ láìfi àmì sí i, bákan náà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn ò bára tan. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ irú wọn sí. “Tọ́” wà níbẹ̀: àwa ń fi í sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, bàbá ni lọ́dọ̀ tiwọn. “Kú” náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ò yàtọ̀ níbì kankan, mi ò sì fẹ́ràn láti máa wò ó.

Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò bàbá mi bá ti gbọ́ “sin”, á sáré gbé ife.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó sì bi mí ní Gùn pé níbo ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí.

Epo bẹntiróòlù ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi alùpùpù gbé wá láti Nàìjíríà. Ó jóná mọ́ epo náà lọ́nà Igana. Wọ́n ti ìyá mi mọ́lé pẹ̀lú àwọn obìnrin, àwa ọkùnrin sì lọ gbẹ́ ilẹ̀, torí pé nílé bàbá mi, ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń béèrè. Ohun tí gbogbo wa ń sọ fún un ni pé kó gbàgbé.

Àbúrò bàbá mi bi mí pé, “Kí ló ń wí?”

“Omi ló ń béèrè, Màmá.”

“Mi ò gbọ́ ‘sin’ lẹ́nu ẹ̀.”

“Wọ́n máa ń pè é báyìí náà.”

Irọ́ ni. Ó gbé omi wá, ó fi kan ìyá mi lẹ́nu. Ìyá mi pa ètè dé. Omi náà ṣàn gba ọrùn rẹ̀ bọ́ sórí ẹní, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára mi. Ó ti gbọ́ Yorùbá tí mo sọ.

Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè. Mo ní kó sinmi. Lọ́jọ́ kẹta kò béèrè nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́sẹ̀ náà.

Àbúrò bàbá mi ń yìn mí kiri pé mo tọ́jú ìyá mi. Inú ń bí mi bí mo bá ti gbọ́ ọ. Èmi àti ìyá mi nìkan la gbọ́ Gùn nínú yàrá yẹn. Ǹ bá ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn oko ọ̀pẹ, lọ́wọ́ òsì ọ̀nà Towé, àbúrò bàbá mi ì bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ là ń sọ. Ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀. Ẹ̀rù èèwọ̀ ilé bàbá mi ló bà mí, ìyá mi sì kú láìmọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.