Nọ́ńbà Tí Kì í Ní Àṣẹ́kù

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn nọ́ńbà yìí fún mi, níbi tó ti ń da kóró dàbínù sínú abọ́ táńganran, tí wọ́n ń dún bí òjò lórí páànù. Bó ti wù kó fọ̀ wọ́n tó, òórùn dídùn dàbínù kì í tán lára wọn. Gbogbo wọn jẹ́ ẹgbàá ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ogún.

"Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀," ó ní, "ọgbọ̀n nínú oṣù, oṣù méjìlá nínú ọdún. Ka ọgbọ̀n lọ́nà méje, kí o tún ka ìyẹn lọ́nà méjìlá, ibẹ̀ lo máa dé. Bàbá mi ló fi hàn mí ní Ìlọrin. Bí ẹnì kan bá wá, bí méjì bá wá, títí dé orí mẹ́wàá, a ó pín in dọ́gba, ẹyọ kan kò ní ṣẹ́kù. Kò sí nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Kabala Doki, àdúgbò kan lókè Ọya, là ń gbé. Bàbá mi lọ sí Kakuri ní òdìkejì odò láàárọ̀ ọjọ́ tí ìlú dàrú, tí Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì ń pa ara wọn, kò sì padà. A ò rí òkú rẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe àdúrà òkú fún un. Ní gbogbo Alámìsì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn obìnrin àdúgbò á wá jókòó sórí ẹní wa. A ó pín kóró, a ó sì máa pe "Yà Jámíù", orúkọ Ọlọ́run tó ń kó ohun tó fọ́nká jọ, ẹ̀ẹ̀kan fún kóró kan, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi padà sínú abọ́.

Alámìsì àkọ́kọ́, a pé mẹ́wàá géérégé, pẹ̀lú èmi. Obìnrin Krìstẹ́nì tó ń gbé ilé kejì bá wọlé.

"Sannu, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Èmi á máa pe Jésù ní tèmi."

"Jókòó, ọmọ mi. Ẹni tó ń gbọ́ ọ náà ló ń gbọ́ wa."

A tún un pín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹyọ kan sì ṣẹ́kù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ká jù ú fún adìyẹ." Ìyá àgbà mú un. "Èmi ni mo bí ẹni tí à ń wá," ó ní. "Tèmi nìyẹn."

Ọdún yí. Obìnrin ilé kejì bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí òdìkejì odò, nítorí wọn ò lè fi ọkàn balẹ̀ sùn láàárín wa mọ́. Ó rẹ àwọn kan. A di méje, a di mẹ́rin. Nọ́ńbà yẹn kò já wa kulẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku èmi pẹ̀lú Ìyá àgbà, ẹgbẹ̀fà ó lé ọgọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Alámìsì kan, àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri. "Ka zo mana," wọ́n ń pè mí pé kí n máa bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kúnwọ́ da kóró sínú abọ́, ètè mi ń mì, n kò pe nǹkan kan.

"Ọwọ́ rẹ yá lónìí," ni Ìyá àgbà wí, kò wò mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà."

"O ka gbogbo rẹ̀?"

"Mo kà á."

Nígbà tí mo padà dé láti ibi bọ́ọ̀lù, wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gáríbì. Ó ti kó tèmi sórí itan rẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ. Ohùn rẹ̀ ti há.

Ní Alámìsì tó tẹ̀ lé e, mo na ọwọ́ mi. Ó fa abọ́ mọ́ra. "Ẹnì kan ṣoṣo náà lè pín in," ó ní. "Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ." Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Òun nìkan ló ń kà á títí tó fi kú. Bàbá mi kò dé.

Mo ti dàgbà, mo sì ti wá a nínú nọ́ńbà gbogbo: òótọ́ ló sọ, kò sí èyí tó kéré jù ú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀fà ó lé ọgọ́ta tí mo parọ́ pé mo kà ṣì wà lọ́rùn mi. Nígbà mìíràn mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka, màá dé bí igba, màá sì dáwọ́ dúró. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bí mo bá kà á parí lónìí, ta ni kí n sọ pé mo kà á fún?