Òróró Màmá àti Lẹ́ǹsì Adétóyè

Ṣé òróró ló pa lẹ́ǹsì Adétóyè, àbí òkú ni wọ́n ti tà á fún un? Mo ti gbé ìbéèrè yìí síwájú Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ti gbé e rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìlú. N kò tíì rí ẹni dá mi lóhùn.

Onífọ́tò ni Adétóyè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè níbí ní Ọ̀fà. Òun ló ya fọ́tò ìrìbọmi Ayọ̀kúnnúmi, àbígbẹ̀yìn mi. Fíìmù ni wọ́n ń lò nígbà náà. Á fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí irun ìpéǹpéjú ọmọ yóò fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ní, “Tíṣà, ẹ má mí o! Bí ẹ bá mí, ẹ ti ba fọ́tò ọmọ jẹ́ nìyẹn.” Níbi tí a bá ti ń rẹ́rìn-ín ni yóò ti tẹ bọ́tìnnì.

Ojú tó mú tó bẹ́ẹ̀ ni àìsàn wá bá. Gulukómà ni àwọn dókítà pè é. Ó jẹ ojú òsì tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti ọ̀tún láti ẹ̀gbẹ́ wá. Ohunkóhun tó bá wò, bí ìgbà tí èéfín bò ó ni. Kò sọ fún oníbàárà kankan. Onífọ́tò tí kò ríran, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá síwájú rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tó fi ta ọ̀kadà rẹ̀ àti ilẹ̀ kékeré tó ní lọ́nà Ìjàgbó, tó fi ra kámẹ́rà ìgbàlódé kan àti lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Kámẹ́rà yìí kì í dúró de ojú ẹni tó gbé e. Fúnra rẹ̀ ni yóò wá ojú ẹni tó dúró níwájú, àpótí kékeré aláwọ̀ ewé á bọ́ sórí ojú náà nínú kámẹ́rà, lẹ́ǹsì á yí ara rẹ̀, fọ́tò á sì mọ́ kedere. Iṣẹ́ Adé kò ju pé kó tẹ bọ́tìnnì lọ.

“Tíṣà,” ó wí fún mi, “Ọlọ́run ti fún mi ní ojú mìíràn.”

Mo dúpẹ́, tọkàntọkàn ni.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àrìnpé, kì í jẹ́ kí ohun tuntun wọ ilé wọn láìfi òróró àdúrà kàn án. Wọ́n ti ta á sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ti ta á sórí ọ̀kadà, kódà fáànù kò bọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́ǹsì dé, Adé ṣí ìdérí rẹ̀ níwá àti lẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè rí bó ṣe ń dán. Màmá ki àtàǹpàkò bọ inú òróró, wọ́n fi ya àgbélébùú sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn eyín wúrà wẹ́wẹ́ wà, ibi tí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. A ṣe àmín. Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ Sunday ni wọ́n tún máa ń fi òróró kàn án kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Adé á fi etí agbádá nù ún bí wọ́n bá ti yíjú. Ta ni yóò sọ fún ìyá arúgbó pé kó gbé àdúrà rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọmọ rẹ̀?

Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, tí Adé lọ ya wọ́n ní fọ́tò, ni nǹkan yíwọ́. Lẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń lọ síwá, ó ń padà sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Adé ṣì ń yà á lọ ní tirẹ̀, kò mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Khàdíjàt ló kọ́kọ́ wo fọ́tò rẹ̀.

“Daddy, èmi rèé? Kí ló dé tí mo wà nínú ìkùukùu?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Má dá wọn lóhùn. Wọ́n ti gbé ẹ dé ọ̀run ná, ìwé-ẹ̀rí ló kù.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Adé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ òógùn bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú ní ṣọ́ọ̀bù. A wo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì tó ń jẹ́ kó máa yí ara rẹ̀, bóyá ó ti yẹ̀, kò yẹ̀. A fi òwú àti sípíríìtì nu àwọn eyín wúrà. A yọ bátìrì, a tún fi í padà. Adé dá gbogbo ètò inú kámẹ́rà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Lẹ́ǹsì kò kùn, kò mira.

Abdulganiyu, tó ń ya fọ́tò níwájú Pólì, wá bá wa. Ó fi lẹ́ǹsì tirẹ̀ sára kámẹ́rà Adé, ó ṣiṣẹ́ wéré. Ó fi ti Adé sára kámẹ́rà tirẹ̀, kẹ́kẹ́ pa.

“Kámẹ́rà yín yè, bàbá. Lẹ́ǹsì ló lọ.”

Mo ní, “Ṣé kò kúkú lè fi ọwọ́ yí i bíi ti àtijọ́?”

“Tíṣà, mọ́tò inú rẹ̀ náà ló máa ń yí i, kódà tí èèyàn bá fi ọwọ́ yí i. Mọ́tò ọ̀hún ló sì kú yìí.”

Adé ní, “Bó tilẹ̀ yí, kí ni mo fẹ́ fi wò ó?” Abdulganiyu rò pé àwàdà ni.

A gbé e lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ Kabir tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Bó ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀ ni òórùn òróró àdúrà kọlù mí nímú. Mo mọ òórùn náà dáadáa.

Kabir ní, “Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, àkàrà lẹ fi lẹ́ǹsì yìí dín ni?”

 Ó fi òwú nu inú rẹ̀, ó tún wò ó, ó wá fi ìka kan wáyà pẹlẹbẹ kan tó rí bíi ríbọ́ọ̀nù. “Ẹ wo èyí náà. Ẹnìkan ti jó wáyà yìí pọ̀ rí. Wọ́n ti tú u kó tó dé ọwọ́ yín.”

Adé bi í pé, “Èwo ló wá pa á?”

“N ò lè búra. Ó lè jẹ́ òróró, ó lè jẹ́ wáyà. Ẹ̀yà rẹ̀ kò sí lọ́jà, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ẹ máa gbé e lọ.”

Adé pe fóònù ẹni tó tà á fún un. Kò wọlé.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé lẹ́ǹsì lé itan bí ọmọ tó sùn. Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀nà. Mo wo ojú fèrèsé dípò rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ó dá mi lójú pé tinútinú ni Màmá fi gba tiwọn. Bí ó bá wá jẹ́ òróró ló ṣe é, kí ni Ó gbọ́ nígbà tí a ṣe àmín? Bí ó bá sì jẹ́ wáyà ni, kí ni òróró ń ṣe níbẹ̀?

Nígbà tí a sún mọ́ ilé wọn, a rí Màmá lórí àga níwájú ilé, wọ́n ń wo ọ̀nà, ìgò òróró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Adé kò lè rí wọn láti ibi tí a wà. Èmi ni mo sọ fún un pé wọ́n ti jókòó síta. Ó dúró, ó di apá mi mú.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní wáyà ni. Ẹ má dárúkọ òróró. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń tù wọ́n nínú ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ẹ̀kọ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á gba tiyín gbọ́.”