Òròmọdìẹ Tí Sakinatou Fi Pọ́ọ̀sì Rà

Títí di òní ní Tchaourou, àwọn kan ń sọ pé Sakinatou ta adìẹ oní-adìẹ. Kò tà á. Àwọn mìíràn ní ó pa wọ́n jẹ. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà tó fi ra òròmọdìẹ, mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, màá sì sọ ọ́ bó ṣe tọ́.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1955, ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá kan ní agboolé wọn, kò sì bímọ tí ì bá gbèjà rẹ̀. Iṣẹ́ àgbàsìn ló ń ṣe: ẹlòmíràn ló ni àgbébọ̀, òun ló ń sìn ín, bí ó bá sì pa ọmọ, wọ́n á pín ọmọ náà sí méjì. Àgbébọ̀ mẹ́sàn-án tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti Hawaou, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí gbogbo agboolé ń bẹ̀rù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1957, nínú ọyẹ́, lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ, wọ ìlú. Kí a má ṣe pè é ní òtútù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é. Òtútù kì í lọ́ adìẹ lọ́rùn. Láàárín ọjọ́ méje, kò ku ẹyọ kan lágbàlá Sakinatou. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń wo ẹran ọ̀sìn ń kọjá lọ sí Parakou, ó ní kó sun òkú wọn pátá, kí ìyẹ́ kan má ṣe kù. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí adìẹ àgbàsìn bá kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni a fi ń han ẹni tó ni ín, kó lè gbà pé a kò tà á. Sakinatou mọ̀. Ẹ̀rù àrùn bà á ju ẹ̀rù ènìyàn lọ, ó sì sun gbogbo rẹ̀.

Hawaou dé láti oko Sanson.

“Ìyàwó, ẹsẹ̀ wọn dà?”

“Ẹ̀gbọ́n, mo sun wọ́n. Ẹni ìjọba ló ní kí n...”

“Ẹni ìjọba ló gbé adìẹ fún ọ sìn?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹsẹ̀ méjìdínlógún, o kò rí ẹyọ kan fi pamọ́! Ẹnu rẹ mà ń dán o. Àfi bí ẹni pé ọ̀rá wọn ni.”

Àwọn obìnrin tó wà nídìí ọlọ bú sẹ́rìn-ín. Hawaou kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òun fẹ́ rí adìẹ òun. Bó bá jẹ́ òròmọdìẹ mẹ́ta dípò àgbébọ̀ kan, òun á gbà. “Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá àbúrò mi lo wà. Ẹlòmíràn á gbà á.”

Sakinatou fẹsẹ̀ rìn dé Goro, lọ́dọ̀ Chérifou tí gbogbo agbègbè ń ra adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹfààní ríra adìẹ nítòsí ni pé ojú ẹni ni a fi ń rí àgbàlá tó ti wá. Ó wo àgbàlá náà dáadáa. Àgbébọ̀ kan dúró ti ìkòkò omi, ó la ẹnu sílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì rí bí omi ewé.

“Bàbá, ara adìẹ yìí kò yá.”

“Ọyẹ́ ni. Ṣé ìwọ náà ò rí ètè ara rẹ bó ṣe là ni?”

Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Issiaka, akọ̀wé pọ́ọ̀sì, ló wá sọ fún un pé ilé kan wà létíkun tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin títí ọmọ adìẹ á fi jáde, pé wọ́n lè dì í sínú àpótí tí wọ́n dá ihò sí lára, kí ọkọ̀ ojú irin gbé e wá.

“Akọ̀wé, ohun ẹlẹ́mìí nínú pọ́ọ̀sì?”

“Ìyá, oyin alààyè ti dé síbí rí. Gbogbo wa la gba ojú fèrèsé jáde.”

Kò sí idán níbẹ̀. Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lè wà ní ọjọ́ méjì láìjẹun, nítorí ìyókù ẹyin ṣì wà níkùn rẹ̀. Sakinatou ta agbádá méjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, mo sì bá a kọ̀wé béèrè ogójì.

Nígbà tí àpótí dé, Issiaka ṣí i níwájú rẹ̀, bó ṣe yẹ kí á máa ṣe. Mẹ́rìndínlógójì ló wà láàyè. Ìwé kan wà nínú rẹ̀, ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì ní èdè wa: kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi, kí ara wọn móoru, kí adìẹ kankan láti ibòmíràn má ṣe súnmọ́ wọn.

Ó kó wọn sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹyin iná. Ọyẹ́ kò gbà. Wọ́n gun ara wọn lórí, márùn-ún kú. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin. Ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, iye tí Hawaou fẹ́ gan-an, kò lé kan.

Kafilatou, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé àgbébọ̀ kan wọlé.

“Iná lo fi ń ṣe ìyá fún wọn? Ẹ ò rí ayé òyìnbó! Gba èyí, ẹyin rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ń wá ọmọ kiri.”

“Níbo lo ti rà á?”

“Goro. Ọjọ́ márùn-ún rèé.”

Nínú agbọ̀n, ọ̀kan ṣubú lulẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀ ló fà á. Ó mọ ohun tí ìwé sọ, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Goro. Ó gba adìẹ náà. Àgbébọ̀ na ìyẹ́, gbogbo wọn wọ abẹ́ rẹ̀, igbe sì dá.

Lọ́jọ́ kẹrin, àgbébọ̀ náà húkọ́. Ó gbé e jáde kíá, ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, òròmọdìẹ mẹ́rin ló kù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè di ọdún tó ń bọ̀.”

“Ojú ọ̀run ti ń ṣú, ìyàwó.”

Ọjọ́bọ̀ ni òjò rọ̀, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ó sá lọ. Kò sá. Ó dágbére fún gbogbo agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ fún Hawaou. Ó gbé agbọ̀n òròmọdìẹ mẹ́rin náà sí ẹnu ọ̀nà Hawaou, ó ní ti Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ó sì gba ọ̀nà Bétérou nínú òjò.