Bàbá Aago àti Omi Inú Ògiri

Ẹni tó bá sọ fún Bàbá Aago pé kó lo aago, ìjà ló ń wá. Ọdún tó dé ibi iṣẹ́ dáàmù ni aago ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ sómi, ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà sì ní kó máa fẹnu ka ìṣẹ́jú àáyá ná títí wọn yóò fi ra òmíràn. Ó kà á. Ọ̀gá yọ aago tirẹ̀, ó fi wé e, ìṣẹ́jú àáyá kan kò yẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ra aago fún un lóòótọ́, irú kékeré tí wọ́n fi ń díwọ̀n eré sísá, ṣùgbọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́ ló wà títí dòní, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ìwọ̀sí ni baba kà á sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Dáàmù tó ń fún gbogbo àdúgbò níná ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì sí dáàmù tí kì í jò díẹ̀. Ẹni tó bá ní tòun ò jò, irọ́ ló ń pa. Ọ̀nà tóóró kan wà nínú ikùn ògiri tó sé omi náà mọ́, ó tutù, ó sì ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni wọ́n darí omi tó ń yọ́ wọlé sí, ó ń gba ẹnu páìpù kan jáde. Láràárọ̀, Bàbá Aago á gbé korobá kan náà sábẹ́ páìpù, á máa kà títí yóò fi kún: ení, èjì, ẹ̀ta, á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Méjìlélógójì ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko, méjìlélógójì. Bí iye yẹn bá dínkù, a jẹ́ pé omi ń yára wọlé, ó sì ti ń rẹ ògiri nìyẹn.

Nílé náà, òun ni aago. Ìsàlẹ̀ dáàmù gan-an ni ilé wọn wà, láàárín àwọn ilé òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni tòmátì ìyàwó rẹ̀ ti ń so lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó yìí fẹ́ràn ẹyin sísè tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Á gbé ìkòkò kaná, á ní, "Bàbá wọn, ẹ bá mi kà á." Ọkọ á jókòó sórí àpótí ìdáná, á ka ọ̀ọ́dúnrún láìfo ẹyọ kan. Àmọ́ láti bí ọdún méjì, ẹyin náà ti ń le. Ìyàwó ní ẹjọ́ sítóòfù ni.

Láàárín ọdún méjì yẹn náà ni iye inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ogójì. Méjìdínlógójì. Mẹ́rìndínlógójì. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò bó bá kọ méjìlélógójì? Kò sẹ́ni tó ń bá a wọ inú òkùnkùn yẹn. Lọ́jọ́ kan, bíírò dúró lójú ìwé fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó kà ló kọ.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò dáàmù dé. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n ń fún un. Ọ̀kan ni ti ewu, ìyẹn ohun tí omi yóò bàjẹ́ bí ògiri bá wó. "Gíga" ni wọ́n ti ń kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí èèyàn ti ń gbé ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n mọ ògiri. Èkejì ni ti ara ògiri fúnra rẹ̀. Èyí ni wọ́n mú kúrò ní "ó dára" sí "ó ṣe díẹ̀", wọ́n sì ní bó bá fi lè bọ́ sí "kò dára", gbogbo ará ìsàlẹ̀ yóò kó jáde.

"Tòmátì mi ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Bàbá Aago yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwé tóun fọwọ́ ara òun kọ ló fẹ́ lé wọn nílé, ó sì ń dùn ún wọra.

Ọjọ́ tó kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnjiníà tó máa parí ọ̀rọ̀ dé, ọmọbìnrin kan tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é, kí n wò ó."

Ó gbé korobá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹnjiníà tẹ aago inú fóònù rẹ̀. Nígbà tí omi kún, Bàbá Aago ní, "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," bí ẹni ń túfọ̀.

Ẹnjiníà wo fóònù, ó wo baba. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni baba ń pè, méjìlélógójì ni fóònù ń pè.

"Bàbá, omi yìí ò yí padà rárá," ni ẹnjiníà sọ. "Bẹ́ ẹ ṣe bá a lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn náà ló ṣì wà. Ògiri yín le dáadáa."

"Ta ló wá yí padà?"

Ẹnjiníà ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Aago bú sẹ́rìn-ín, nítorí ilé rẹ̀ ti bọ́ nínú ewu. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tó da korobá dé, tó sì jókòó lé e.

"Kí lo máa kọ síbẹ̀, ọmọ mi?"

"Màá kọ ọ́ pé nǹkan tá a fi ń wọ̀n ọ́n ló ti gbó díẹ̀."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni."

Ó mú aago inú kọ́bọ́ọ̀dù délé, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná. "Ìyá wọn, a ò kó lọ síbì kankan mọ́. Ògiri ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mò ń falẹ̀ nínú kíkà."

"Ẹyin ti sọ fún mi tipẹ́," ni ìyàwó dáhùn.

"O mọ̀! O sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ẹ̀ lé wa jáde?"

"Ti ẹyin ni mo mọ̀. Ṣebí wọ́n ra aago fún yín níbi iṣẹ́, mo rò pé ẹ ń lò ó!"

Bàbá Aago wo ọ̀rá tí wọn kò tíì já, ojú tì í. "Kí ló dé tó ò sọ ti ẹyin, nígbà yẹn?"

"Tí n bá sọ ọ́, ẹ ò ní kà á fún mi mọ́."

Ìyàwó ti aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣáná sí sítóòfù, ó sọ ẹyin méjì sínú ìkòkò. "Ẹ kà á, Bàbá wọn."

Baba jókòó sórí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ka ọ̀ọ́dúnrún pé. Ẹyin náà le bí ó ti máa ń le, wọ́n sì jẹ ẹ́.